Àna Tó Ní Físà Ìwọlé Ẹ̀ẹ̀kan

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó, ẹ sún díẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí àyè. Ẹni tó bá gbé nǹkan sórí iná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó padà wá, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní jẹ́ kó rántí ìkòkò. Mo fẹ́ sọ fún yín nípa ọkùnrin kan tó wọ bàálù kọjá òkun, tó kọjá aṣálẹ̀, tó wá dé iwájú òkúta kan tí kò ga ju orúnkún ewúrẹ́ lọ, tí kò sì lè kọjá. Ẹ má kánjú mi. Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, ìtàn tèmi kò tíì pé ọdún méjì. Ẹ fẹ́ ẹ kí ẹ tó gbé e mì.

Abdel-Aziz ni orúkọ ọkùnrin náà. Issifou aránṣọ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Bantè pọ́ńbélé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò, tó lọ sí ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ ló ti bí Abdel-Aziz. Ọmọ náà gbọ́ èdè wa dáadáa, nítorí Issifou kì í fi èdè mìíràn bá ọmọ wí. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà rẹ̀, ti Faransé ni. Nítorí náà, nígbà tó fẹ́ wá sí ilé bàbá rẹ̀, ó ní láti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó bẹ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fún físà, bí àwọn àlejò yòókù.

Wọ́n bi í níbẹ̀ pé kí ló ń wá ṣe. Ó wo gbogbo ìdáhùn tí wọ́n tò síwájú rẹ̀, kò rí "mò ń bọ̀ nílé" níbẹ̀. Ó wò ó títí, ó fọwọ́ tẹ ìrìn-àjò afẹ́. Wọ́n tún bi í pé ẹ̀ẹ̀mélòó ló fẹ́ wọlé: ẹ̀ẹ̀kan ni, àbí ọ̀pọ̀ ìgbà? Ọmọ Issifou rò ó, ó ní, "Bantè ni mò ń lọ. Bí mo bá ti dé Bantè, kí ni mo tún fẹ́ jáde lọ wá?" Ó mú ẹ̀ẹ̀kan, ọgbọ̀n ọjọ́. Físà dé, ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, ó ká a sínú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ó wọ bàálù.

Nítorí Wassila ló ṣe ń bọ̀. Níbi ìkómọ kan ní Lyon, ẹnì kan ṣí fóònù pọtábù kí àwọn ará ilé ní Bantè lè fojú rí ọmọ tuntun. Ojú Wassila ló yọ lójú pọtábù, ó ní, "Ọmọ dà?" Abdel-Aziz tó di pọtábù mú ní ọmọ ń sùn. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń sùn yìí ni àwọn méjèèjì sọ fún ọdún méjì gbáko! Olùkọ́ ni Wassila ní Savalou, ọmọ Bantè ni, ojú rẹ̀ là, ẹnu rẹ̀ mú. Àwọn òbí ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti mú ọjọ́. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni wọ́n máa so yìgì ní mọ́sáláṣí Bantè.

Ẹ gbọ́, ọjọ́ tí Abdel-Aziz dé ni àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́: ó sọ fún wọn nílé pé ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ bíi tùrísì, arìnrìn-àjò afẹ́. Háà! Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, Hafsath, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ dìde.

"Tùrísì! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wá wo ilé ìdáná wa. Nǹkan àtijọ́ ni. Èéfín tó wà nínú rẹ̀ yìí, láti ayé bàbá bàbá yín ló ti wà."

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ má bẹ̀ mí, ẹ yà á ní fọ́tò. Ìgbálẹ̀ rèé. Àwọn tùrísì a máa fẹ́ràn láti gbìyànjú rẹ̀ wò."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo Bantè ti gbọ́. Bó bá dé ọjà, wọ́n á ní, "Tùrísì, èyí ni iṣu, inú ilẹ̀ ló ti ń wá." Bó bá dé mọ́sáláṣí, bàbá arúgbó kan á na irùngbọ̀n síwájú pé kó ya òun. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó wà níwájú.

Ohun tó wà níwájú ni Ìyá Saratou.

Ìyá Saratou ni ìyá tó bí ìyá Wassila. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, oko ló ń gbé, kò sì sí ẹni tó lè mú un wá sí ìlú. Nínú ìdílé wọn, ọkùnrin kankan kò lè mú ọmọbìnrin lọ láì jẹ òkèlè àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà, níwájú ààrò rẹ̀. Kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe lábẹ́ igi. Níwájú ààrò. Ìyá àgbà á fọwọ́ ara rẹ̀ bu iyán, á fi í sí ọkùnrin náà lẹ́nu, á ní, "O ti jẹun níbi iná mi, má ṣe jẹ́ kí iná ọmọ mi kú." Bí kò bá sí èyí, lẹ́mọ́mù lè ka gbogbo ohun tó bá fẹ́ kà, ìyá Wassila kò ní fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi mú ọjọ́ Alámísì, tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, láti lọ sí oko.

Alùpùpù méjì ló gbé wọn. Samsoudine, ẹ̀gbọ́n Wassila, gbé àbúrò rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ alùpùpù ará Savalou kan tó ń jẹ́ Ézéchiel gbé Abdel-Aziz. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni Ézéchiel, Mahi ni èdè ìyá rẹ̀, ó sì gbọ́ tiwa dé ibi pé ó lè fi bú èèyàn kí inú ẹni náà dùn. Wọ́n gba inú oko kajú, wọ́n gba àárín ebè iṣu, eruku pupa ń sọ wọ́n di ọmọ ìyá kan náà. Orin ìjọ ni Ézéchiel ń kọ lọ. Bí wọ́n bá bọ́ sínú kòtò, á dákẹ́. Bí wọ́n bá jáde, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé.

Wọ́n ti ń wo òrùlé Ìyá Saratou lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí pọtábù dún nínú àpò Abdel-Aziz. Ó yọ ọ́, ó kà á. Iléeṣẹ́ pọtábù kan ló kọ̀wé sí i pé: ẹ káàbọ̀ sí Tógò.

"Dúró! Ézéchiel, dúró! Dúró!"

Kí Ézéchiel tó tẹ bíréèkì, ọkọ ìyàwó ti fò sílẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó tẹ ejò. Ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà síwájú rẹ̀, òkúta funfun kan wà láàárín ebè iṣu méjì, wọ́n kọ lẹ́tà kan sí apá ìhín, wọ́n kọ òmíràn sí apá ọ̀hún.

Samsoudine yí alùpùpù padà. "Kí ló dé? Ṣé agbọ́n ta ọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, Tógò nìyẹn!"

"Tógò wo?"

"Lẹ́yìn òkúta yẹn. Ilé Ìyá àgbà, Tógò ló wà!"

Samsoudine wo òkúta, ó wo ilé, ó wo àna rẹ̀. "Oko ni ibí. Láti kékeré ni mo ti ń ru iṣu láti ibẹ̀ wá sílé. N kò pàdé Tógò lójú ọ̀nà rí."

"Lomé ni Tógò wà," Ézéchiel dá a lóhùn. "Mo ti débẹ̀. Òkun wà níbẹ̀. Òkun dà níbí?"

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà, ṣùgbọ́n ààlà tí àwa mọ̀ ni èyí tí a fi ewé akòko pa. Ará ìhín ń fẹ́ ará ọ̀hún, ará ọ̀hún ń sin òkú ìhín, èdè kan náà la fi ń bú ara wa. Ta ló máa rántí pé ìjọba méjì ló ń jẹ nínú ebè kan?

Abdel-Aziz ṣí ìwé físà rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ fún wọn. "Ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ síbí. Mo ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Kútọnu. Bí mo bá jáde, mo ti jáde nìyẹn. Màá tún ní láti wá físà mìíràn kí n tó padà, ọ̀la sì ni ìgbéyàwó. Yàtọ̀ síyẹn, n kò ní físà Tógò."

"Ta ni yóò rí ọ?" Samsoudine bi í. "Ìgbésẹ̀ ọgbọ̀n péré ni. Jẹun, padà, ó tán."

"Èmi fúnra mi á rí i."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé kan wà tí Abdel-Aziz ti fi sílẹ̀ ní Kútọnu, ìwé tí yóò sọ ọ́ di ọmọ Bẹ̀nẹ̀ bíi ti bàbá rẹ̀. Ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ó wá ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé òfin ilẹ̀ tó ń bẹ̀ pé kó gba òun lọ́mọ ni òun á kọ́kọ́ fọ́? Bí kò bá kọjá, kò níyàwó. Bí ó bá kọjá, ó lè má lè padà síbi tí ìyàwó wà. Níwájú, òkúta, lẹ́yìn, lẹ́mọ́mù.

Lákòókò yìí, Ìyá Saratou ti jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn.

"Kí ló ń ṣe é?" ó kígbe. "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò dá?"

"Ìyá àgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá!" Wassila ké padà. "Òkúta ni kò jẹ́ kó wá!"

"Òkúta wo?"

"Èyí tó funfun!"

"Èyí tí bàbá yín fi ń pọ́n àdá? Ẹ sọ fún un pé kì í gé èèyàn jẹ!"

Wọ́n ṣàlàyé fún un láti ìhín. Ọ̀rọ̀ físà kò ṣeé kígbe sọ. Gbogbo ohun tó dé etí ìyá arúgbó ni pé ọmọkùnrin yìí kọ̀ láti tẹ ilẹ̀ òun. Ẹ wo bó ṣe fajú ro!

Ézéchiel bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbáyọ. Ó bọ́ bàtà, ó nà gbalaja sílẹ̀ nídìí òkúta, ó yọ orí sí apá ọ̀hún. "Ẹ wò mí. Ẹsẹ̀ mi wà ní Bẹ̀nẹ̀, àyà mi wà ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹnu mi nìkan ló wọ Tógò. Ẹnu kì í gba físà."

"Ààrò kò sí nídìí òkúta," Wassila ní. "Níwájú ààrò ni wọ́n wí."

"Kí wọ́n wá fi òkèlè sórí igi iṣu tó gùn, kí wọ́n nà án láti..."

"Ṣé ajá ni mo fẹ́ fún lọ́mọ ni?" Ìyá Saratou ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tó bá kan iyán, etí rẹ̀ kì í di sí i. Ó yíjú padà, ó fẹ́ wọlé lọ, ó ti di ilẹ̀kùn mú.

Wassila sáré fo òkúta kọjá, ó tún fò ó padà. Òun ní káàdì ọmọ-ìlú, ó lè fò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó dúró níwájú Abdel-Aziz, omi ti lé sí i lójú, ẹ̀rín sì ń ti omi náà. "Ọdún méjì lo fi ń sọ fún mi pé kò sí ohun tó lè dá ọ dúró. O ò sọ fún mi pé ó ku òkúta."

"Wassila, bàbá mi jáde nílẹ̀ yìí ní ojú ọ̀sán, ó dágbére fún gbogbo èèyàn." Ó ń pariwo, kò mọ̀ pé òun ń pariwo. "N kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ Issifou gba ojú fèrèsé wọ ilé bàbá rẹ̀!"

Ìyá Saratou fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.

"Issifou wo?" ó bèèrè. "Issifou aránṣọ? Ẹlẹ́nu fífẹ̀ yẹn?"

"Òun ni, Ìyá àgbà!"

"Ó wá dágbére fún mi níbí, lóòótọ́. Ó jẹ iyán mi, ó tún di èyí tó kù lọ." Ó wo ọmọkùnrin tí kò gbọdọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ẹni tó bá bẹ̀rù ilé bàbá rẹ̀ báyìí, yóò bẹ̀rù ilé ọmọ mi. Samsoudine! Wá gbé ààrò!"

"Ẹ ní kí n gbé kí ni?"

"Ṣé òun nìkan ni kò lè rìn ni? Ààrò kò ní físà, kò nílò rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá a!"

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó sọ ọ́ kò sọ ohun tí ààrò mẹ́ta máa ṣe sí ọwọ́ èèyàn nígbà tí iná bá ti wà lábẹ́ wọn láti òwúrọ̀. Samsoudine fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù di ọ̀kan, ó sáré bí olè. Ézéchiel gbé èkejì, ó ń fò sókè fò sódò, "Halelúyà! Halelúyà!", ẹsẹ̀ kan ní Tógò, ẹsẹ̀ kan ní Bẹ̀nẹ̀. Wassila fi àkísà gbé ẹ̀kẹta. Abdel-Aziz dúró lápá ìhín, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀lù, ó ń kígbe pé, "Ibí! Ẹ gbé e síbí! Ẹ ṣọ́ra fún ebè!" Wọ́n padà lọ gbé odó. Wọ́n padà lọ gbé ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n padà lọ gbé àpótí. Níkẹyìn, Ìyá Saratou tìkára rẹ̀ mú ọ̀pá, ó rìn wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ọwọ́ ti orí òkúta bí ẹni tó ń fọwọ́ ti èjìká ọmọ, ó kọjá.

Iná ràn. Iṣu jinná. Abdel-Aziz ló gún iyán náà. Ó gún un bí ará Lyon, Ézéchiel ń ka iye kókó tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín ń pa gbogbo wọn. Èéfín ń fẹ́ lọ sí Tógò láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èéfín yìí ló pe ọlọ́pàá ààlà Bẹ̀nẹ̀. Ó rò pé ẹnì kan ń sun oko kajú. Ó gun alùpùpù dé, ó bá ìyá arúgbó, olùkọ́ kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọlọ́kọ̀ aláìníbàtà kan àti ọkùnrin kan tó gbé ọmọ odó dání, gbogbo wọn jókòó yí ààrò ká láàárín ebè iṣu.

"Ẹ kú ìnáwó o," ó ní. "Ìwé yín dà?"

Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè yẹn rí bíi ti Abdel-Aziz. Ó yọ ìwé ìrìnnà, ó yọ físà, ó yọ káàdì abẹ́rẹ́, ó tún fẹ́ yọ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ọlọ́pàá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Tùrísì. Kí lẹ wá wò níbí?"

"Ìyá àgbà ìyàwó mi."

"Ó dára. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ o. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn, ẹ má kọjá rẹ̀." Ó yí sí Ìyá Saratou. "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Lápá ọ̀hún lẹ ti wá. Ìwé yín?"

Ìyá Saratou kò gbójú sókè nínú iyán. "Ọjọ́ tí àwọn èèyàn gbé òkúta yìí dé, èmi ni mo fún wọn lómi mu. Wọn kò bèèrè ìwé lọ́wọ́ omi mi. Bọ́ fìlà, jókòó, kó tó tutù."

Ọlọ́pàá náà wo òkúta, ó wo ọbẹ̀. Ó bọ́ fìlà.

Báyìí ni Abdel-Aziz ṣe kúnlẹ̀ níwájú ààrò, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pẹ̀lú físà nínú àpò. Ìyá Saratou bu òkèlè tó tó ìkúùkù ọmọdé, ó tì í sínú ọbẹ̀, ó fi í sí i lẹ́nu. Ata ni! Ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ṣàn, kò tú u dà. Ìyá arúgbó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ. Samsoudine ní, "Áàmín." Ézéchiel ní, "Áàmín," tirẹ̀ gùn ju ti gbogbo wọn lọ. Ọlọ́pàá náà ṣe áàmín, ẹnu rẹ̀ kún.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Samsoudine fẹ́ gbé ààrò padà. Ìyá Saratou fi ọ̀pá gbá a lọ́wọ́.

"Ṣé o fẹ́ fi àbùkù kan ìgbéyàwó àbúrò rẹ ni? Obìnrin tó bá gbé ààrò rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó ti kọ ọkọ nìyẹn. Ààrò mi ti dé ibí, ibí ló ń gbé."

"Ìyá àgbà, ilé yín wà lápá ọ̀hún!"

"Kí ilé wá bá a."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn wo Abdel-Aziz.

Wọ́n so yìgì ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n jẹ, wọ́n mu, Hafsath jó títí gèlè fi já. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, ọkọ ìyàwó tuntun ti wà lóko, ó ká sòkòtò dé orúnkún, ó ń po amọ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù nínú físà rẹ̀. Àwọn ará oko láti apá méjèèjì ń ru omi, ń kó koríko. Wassila ń dé lópin ọ̀sẹ̀ láti Savalou pẹ̀lú búrẹ́dì. Hafsath wá wò ó lọ́jọ́ kan, ó rí i tí amọ̀ ti dé etí rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín kò jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ tó fi wá. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n físà náà, páànù ti wà lórí ilé. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Ìyá Saratou sùn sí yàrá tuntun náà, Abdel-Aziz sì wọ bàálù ní Kútọnu, amọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Ézéchiel ló sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀, ní ibùdó alùpùpù Savalou, nígbà tí òjò dá wa dúró. Ó búra pé òun lòun gbé èyí tó tóbi jù nínú òkúta ààrò mẹ́ta náà. Samsoudine ní èyí tó kéré jù ni. Ẹni tó bá ń lọ sí Savalou, kó lọ bi í.